Ìwé ni ìrànwọ́ ìjọba ń tọ̀: Ẹ̀kọ́ tí àrùn Kòrónà kọ́ oníṣòwò Ìsẹ́yìn lórí owó ilé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ohùn òfì lọ sílẹ̀ ní ìlú Ìsẹ́yìn. Ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ aṣọ òkè, níbi tí ahunṣọ ti máa ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nídìí sányán, àlàárì àti ẹtù, ṣàdédé di ibi tí ẹni tó hun aṣọ kò ti rí ẹni tà á fún. Kì í ṣe pé ọwọ́ ahunṣọ ló rọ. Àríyá ni kò sí. Aṣọ òkè kì í ṣe ẹ̀kọ tàbí ẹ̀wà tí èèyàn ń rà lójoojúmọ́. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìwúyè àti òkú àgbà ló ń tà á. Nígbà tí ìjọba fòfin de àpéjọ nítorí àrùn Kòrónà, ọjà náà dákẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe dúró tó, owó ilé kò dúró. Oṣù ń lọ, onílé ń kà á. Ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù láti fi ta òwú, ẹni tó gba yàrá kan àti pálọ̀ fún ìyàwó àtọmọ, ẹni tó yáwó kọ́ ilé tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń retí kí ìjọba sọ nǹkan kan. Ìjọba sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ó sì gbé owó kalẹ̀. Ibi tí owó náà gbà, àti ibi tí kò gbà, ló yẹ kí oníṣòwò kékeré yẹ̀ wò dáadáa, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn kì í ránṣẹ́ kó tó dé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹnì kan ti ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù kẹta tó parí, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, bẹ̀rẹ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí nínú àṣẹ yẹn. Àmọ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé náà fi ìséde alẹ́ lélẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta, láti aago méje alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, àpéjọ ńlá sì di èèwọ̀.

Fún Ìsẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n ti ìlú náà pa ló rí, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà aṣọ òkè, Èkó ni wọ́n ti ń wá. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, àjọ NYSC ti ní kí àwọn àgùnbánirọ̀ tó wà ní àgọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí máa lọ sílé, títí kan àgọ́ ti Ìsẹ́yìn. Ẹni tó ń se oúnjẹ tà níbẹ̀, ẹni tó ń ya fọ́tò, télọ̀ àti ọlọ́kadà tó fi àgọ́ náà ṣe ọjà, ilé ni gbogbo wọn padà sí. Ilé tí wọ́n sì padà sí náà, owó wà lórí rẹ̀.

Gbèsè tí ìjọba dá dúró

Ìjọba àpapọ̀ kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, kéde pé gbogbo ẹni tó yá nínú owó ìrànwọ́ tí báńkì náà gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé iṣẹ́ àti òwò kékeré yóò ní ìsinmi ọdún kan kó tó máa dá ojú owó padà. Èlé orí owó náà sì wálẹ̀ láti ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá márùn-ún. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n tún fi ọdún kan kún un.

Báńkì yìí kan náà ya N50 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó fún ìdílé àti òwò kéékèèké tí àrùn náà ṣe lọ́ṣẹ́, ó sì gbé e gba NIRSAL Microfinance Bank. Ìdílé lè yá tó N3 mílíọ̀nù, òwò kékeré sì lè yá tó N25 mílíọ̀nù.

Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kẹta, Ààrẹ kéde pé ẹni tó jẹ owó TraderMoni, MarketMoni àti FarmerMoni yóò sinmi sísan fún oṣù mẹ́ta. Bákan náà ni fún owó ìjọba àpapọ̀ tó gba ọwọ́ Bank of Industry àti Bank of Agriculture.

Lórí ilé gan-an, ohun tó sún mọ́ ìrànwọ́ jù lọ ni àbádòfin kan tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá jíròrò tí wọ́n sì fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020. Apá kan nínú rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá yáwó kọ́lé tàbí rà á lábẹ́ ètò owó ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní NHF yóò sinmi sísan fún 180 ọjọ́. Àbádòfin náà kò di òfin. Ká tiẹ̀ ní ó di òfin, ẹni tó ti ń dáwó NHF tó sì ti rí owó yá níbẹ̀ nìkan ni ì bá jàǹfààní. Ahunṣọ tó ń gbé ilé onílé kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ìjọba kò dé

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe yìí, kò sí òfin kan tó ní kí onílé má gba owó ilé, tàbí kó má lé ayálégbé jáde ní àkókò àrùn náà. Kò sí owó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti bá ayálégbé san owó ilé, kò sì sí èyí tó dá owó ṣọ́ọ̀bù dúró.

Ohun kan ṣoṣo ló bá ayálégbé dènà fún ìwọ̀nba àkókò. Adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí ní kí àwọn kóòtù sinmi ìjókòó láti ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020, yàtọ̀ sí ẹjọ́ tó bá jẹ́ kánjúkánjú. Nígbà tó sì jẹ́ pé kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ kí wọ́n lé ayálégbé jáde, onílé tó fẹ́ tẹ̀ lé òfin ní láti dúró. Kì í ṣe nítorí ayálégbé ni wọ́n ṣe ti kóòtù, ayálégbé kàn rí ibòji níbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ayálégbé kò tiẹ̀ mọ̀ pé ibòji wà. Bí onílé bá ti gbójú mọ́ wọn, wọ́n á di ẹrù wọn.

Lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2020 sọ pé ilé tí ìjọba àpapọ̀ wọn bá ti lọ́wọ́ nínú owó tí wọ́n fi rà á, onílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ayálégbé lẹ́jọ́ nítorí owó ilé fún 120 ọjọ́. Ẹni tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ náà lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá gbèsè rẹ̀ dúró fún 180 ọjọ́, kó sì tún bẹ̀bẹ̀ fún 180 mìíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya owó tó lé ní 46 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti bá ayálégbé san gbèsè owó ilé. Ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, láti ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2020 ni onílé ti gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní nọ́tíìsì oṣù mẹ́ta, ó sì di oṣù mẹ́fà kí ọdún náà tó parí. Ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù pàápàá rí ààbò títí di oṣù kẹta ọdún 2022.

Èèyàn lè sọ pé olówó ni àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n Tógò tó wà nítòsí wa kì í ṣe olówó. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba Tógò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Novissi, tó ń fi owó ránṣẹ́ sí orí fóònù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12,250 owó CFA lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Ẹni tó rí i gbà lè fi jẹun, ó sì lè fún onílé nínú rẹ̀. Báwo ni ìjọba Tógò ṣe mọ ẹni tó jẹ́ télọ̀ àti ẹni tó jẹ́ ọlọ́kadà? Àkọsílẹ̀ káàdì ìdìbò ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n ń forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀, wọ́n béèrè iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni owó wá bá nílé.

Ìwé ni ìrànwọ́ ń tọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ilé tó wà nínú ìwé ìjọba ni òfin àkọ́kọ́ yẹn dáàbò bò. Ní Tógò, ẹni tó wà nínú àkọsílẹ̀ ló rówó gbà. Ní Nàìjíríà náà, gbèsè tó wà nínú ìwé báńkì ni ìjọba dá dúró. Owó ilé tí ahunṣọ ń kà lé onílé lọ́wọ́ láìsí rìsíìtì kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ìjọba kò sì lè dá ohun tí kò rí dúró.

Ètò Survival Fund tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 tún fi èyí hàn. N75 bílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Apá kan rẹ̀ bá òwò kéékèèké san owó oṣù òṣìṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, láti N30,000 sí N50,000 lóṣù fún òṣìṣẹ́ kan. Ọ̀gá tí ìjọba bá bá san owó òṣìṣẹ́ á rí owó tirẹ̀ fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ òwò náà gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ ní BVN. Apá mìíràn fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní N30,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 333,000 èèyàn ni wọ́n ní lọ́kàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ìpínlẹ̀ kan yóò ní bí 9,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ kan kò ní rí ju bí 270 lọ. Ẹni tó bá mọ bí ahunṣọ, télọ̀, káfíńtà àti mẹkáníìkì ṣe pọ̀ tó ní Ìsẹ́yìn nìkan yóò mọ̀ pé ẹni tó ti tọ́jú ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ló lè sáré bá ọkọ̀ náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì, ọkọ̀ ti lọ.

Ìdádúró kì í ṣe ìdáríjì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì í gbọ́. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n sinmi sísan gbèsè, wọ́n rò pé gbèsè náà ti lọ. Kò lọ. Ká ní oníṣòwò kan jẹ báńkì ní N300,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí wọ́n bá fún un ní ìsinmi oṣù mẹ́ta, tí báńkì kò sì dá èlé dúró, èlé oṣù mẹ́ta náà yóò jẹ́ N6,750. Bí èlé bá wálẹ̀ sí ìdá márùn-ún, yóò jẹ́ N3,750. Ìrànwọ́ gidi ni, àmọ́ owó náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bákan náà ni owó NIRSAL. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, CBN ti fàyè gba báńkì tí èèyàn jẹ ní gbèsè láti fi BVN wá owó rẹ̀ lọ sí àkáǹtì tí ẹni náà ní ní báńkì mìíràn. Ẹni tó bá yá irú owó bẹ́ẹ̀ láti san owó ilé, kó ti mọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn.

Òfin tó wà láàárín onílé àti ayálégbé

Bí ìjọba kò bá tiẹ̀ ṣe òfin tuntun nígbà ìṣòro, òfin àtijọ́ ṣì wà. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìlànà tí ọ̀pọ̀ òfin ilé nílẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù yóò gba nọ́tíìsì oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún yóò gba ti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́tíìsì ọjọ́ méje, kí onílé tó lọ sí kóòtù. Kóòtù ló máa pàṣẹ. Onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti àgádágodo mọ́ ṣọ́ọ̀bù, láti ká páànù orí ilé tàbí láti kó ẹrù ayálégbé síta.

Kì í ṣe onílé nìkan ni èyí dè. Ní ọdún 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti Chukwuemeka Ojukwu pé ìjọba pàápàá kò gbọdọ̀ fi agbára lé èèyàn jáde nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú adájọ́. Bí kò bá yẹ ìjọba, kò yẹ lánlọ́ọ̀dù.

Àmọ́ kí ayálégbé má fi òfin yìí ṣe àwáwí. Nọ́tíìsì kì í pa gbèsè rẹ́. Gbogbo oṣù tó bá fi jókòó sínú ilé, owó rẹ̀ ń gun orí ara wọn, kóòtù sì lè ní kó san gbogbo rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Onílé nílò ayálégbé, ayálégbé nílò onílé. Ọ̀pọ̀ onílé ní Òkè-Ògùn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Opó tí ọkọ rẹ̀ fi yàrá mẹ́rin sílẹ̀ fún, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì, oníṣòwò ni àwọn náà, ilé ni ọjà wọn. Bí wọ́n bá lé ayálégbé jáde lásìkò tí owó kò sí nílùú, yàrá òfìfo ni wọ́n á máa wò.

Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù kan jẹ́ N72,000 lọ́dún. N6,000 nìyẹn lóṣù. Bí ọjà bá dúró fún oṣù mẹ́ta, N18,000 ló wà nílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà tún un ṣe. Èkíní, kí wọ́n pín N18,000 náà sí oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, kí ayálégbé máa fi N3,000 kún owó oṣù kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí onílé dárí ìdajì jì í, kí ayálégbé sì san N9,000 tó kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yí owó ọdọọdún padà sí owó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, N18,000 lẹ́ẹ̀kan, kó má baà wọ ayálégbé lọ́rùn.

Èyí tó wù kí wọ́n mú, kí ayálégbé lọ bá onílé kí ọjọ́ owó tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń sá fún un. Kó mú díẹ̀ lọ́wọ́ lọ, nítorí ẹni tó mú N5,000 dání tó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wọlé ju ti ẹni tó lọ lọ́wọ́ òfo. Kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan náà fọwọ́ sí i. Ìwé ojú kan ti tó.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ọjọ́ burúkú tó dé

Àrùn Kòrónà ti kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ilé kò kọjá ní Ìsẹ́yìn. Láti ìgbà tí yunifásítì LAUTECH ti gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wá síbẹ̀, tí wọ́n sì ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, àwọn tó ń wá ilé ti pọ̀ sí i. Oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ìrànwọ́ mọ ọ̀nà ilé òun nígbà mìíràn gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan márùn-ún yìí:

1. Kó máa gba rìsíìtì gbogbo owó ilé, kí ọjọ́, iye owó àti oṣù tó sanwó fún hàn nínú rẹ̀. Bí onílé kò bá ní rìsíìtì, kó fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, kó kọ ohun tó wà fún sí i.

2. Kí àdéhùn ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù wà nínú ìwé, kí iye oṣù nọ́tíìsì sì wà níbẹ̀.

3. Kó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kó ní BVN àti àkáǹtì tí owó òwò ń gbà wọlé. Kó má fi orúkọ tó yàtọ̀ síra sínú wọn, nítorí orúkọ tí kò bára mu ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà.

4. Bó bá ní i lọ́kàn láti kọ́lé, kó béèrè nípa NHF. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè máa dá ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un síbẹ̀, kó sì di ẹni tó lè béèrè ẹ̀yáwó ilé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

5. Kó máa ya owó ilé oṣù kan sọ́tọ̀ nínú èrè ìgbà àríyá, títí yóò fi pé owó oṣù mẹ́ta. Ahunṣọ mọ ìgbà tí aṣọ ń tà. Èrè oṣù Kejìlá àti ti ọdún Iléyá ló yẹ kó gba ti oṣù tí òfì bá dákẹ́.

Bí onílé bá ni ẹni tó ń ka ìwé yìí, kó mọ̀ pé ìwé ṣe é láǹfààní bákan náà. Rìsíìtì tó bá fún ayálégbé lónìí ni ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́la, ì báà jẹ́ níwájú adájọ́ tàbí níwájú báńkì tó fẹ́ yá a lówó láti tún ilé ṣe.

Kò sí ẹni tó gbàdúrà kí irú ọdún 2020 tún padà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nígbà tí ìjọba bá tún na ọwọ́ ìrànwọ́ jáde, ìwé ni yóò kọ́kọ́ béèrè.